Ìdámẹ́rin Ènìyàn

Ohun tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ sọ fún un kì í ṣe ẹ káàárọ̀. Ó wọlé, ó na ìwé tó dì mọ́wọ́ sí i, ó fi ìka tọ́ka sí ìlà kan, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ni ẹni mẹ́ta àtààbọ̀ yìí?"

Ọmọbìnrin náà gbójú sókè. Láyé ìgbà yẹn, kọ̀ǹpútà ṣì tóbi bí àpótí aṣọ, ariwo rẹ̀ sì ń mú kí èèyàn máa pariwo sọ̀rọ̀ nínú yàrá tí kò fẹ̀ ju ibi tí tábìlì méjì lè gbà lọ. Ó mọ ọkùnrin náà lójú. Òun ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sí iṣẹ́, fún ìgbà díẹ̀, pé kó máa bá wọn kọ àbọ̀ ìwádìí. Kò tí ì pẹ́ níbẹ̀ rárá tí wọ́n ti ń pè é ní Kọ́mà, nítorí kò sí ìwé tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá tí kò ní fi kọ́mà kan kún un tàbí kó yọ ọ̀kan kúrò. Ọmọbìnrin náà ní orúkọ tirẹ̀. Oníwọ̀n ni gbogbo ọ́fíìsì ń pè é.

Ó ní kó jókòó, ó sì ṣàlàyé. Orílẹ̀-èdè méjìlá ni ìwádìí wọn kárí. Ta ló lè bi gbogbo èèyàn inú orílẹ̀-èdè méjìlá léèrè ọ̀rọ̀? Ẹgbẹ̀rún kan ó lé díẹ̀ ni wọ́n ń bi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ àwọn kan rọrùn bá ju àwọn mìíràn lọ. Ará ìgboro, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò jìnnà sí títì. Ẹni tó ń gbé orí òkè, mọ́tò kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tí wọ́n bá kàn ka gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ohùn ará ìgboro á bo ti àwọn yòókù mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n, kí ẹni tí wọn kò rí púpọ̀ irú rẹ̀ bá sọ̀rọ̀ lè dúró fún àwọn tí wọn kò bá nílé.

"Ìyá arúgbó kan ni," ó ní. "Ó ń dá gbé lórí òkè. Irú wọn pọ̀ níbẹ̀, díẹ̀ la rí bá sọ̀rọ̀. Nítorí náà, bí ìyá yẹn ṣe jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ yẹn, ẹni mẹ́ta àtààbọ̀ ni wọ́n."

Kọ́mà tẹjú mọ́ ìlà náà bí ẹni pé ìyá náà fẹ́ yọjú níbẹ̀. "Èmi ńkọ́ mà? Tí wọ́n bá bi èmi?"

Ó wò ó láti orí dé bàtà. Ọkùnrin, ará ìgboro, ó kàwé, kò níyàwó, ó sì jọ ẹni tí kì í jáde. "Ìdámẹ́rin," ó dáhùn. "Irú yín ti pọ̀ jù lọ́wọ́ wa."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín débi pé ìwé ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Ìdámẹ́rin ń lọ o, mà. Ó ń padà bọ̀ lọ́la wá wo ibi tí ìdá mẹ́ta yòókù wà."

Ó sì padà wá lóòótọ́. Ó máa ń wá pẹ̀lú ife tíì méjì, á fi ọ̀kan síwájú rẹ̀, á ní, "Gbọ́ èyí," á sì ka ohun tó kọ. Tó bá kọ pé "gbogbo èèyàn gbà pé," Oníwọ̀n á ní kó pa á rẹ́, kó kọ "àwọn tí a bi léèrè." Wọ́n á jiyàn lé e lórí títí tíì á fi tutù. Kò sí ẹni tó lè sọ ọjọ́ tí "ẹ" di "o" láàárín wọn, àmọ́ ní ọjọ́ kan gbogbo ọ́fíìsì ṣàkíyèsí pé ó ti di "o," wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín sábẹ́ imú.

Ìfẹ́ wọ ọkàn ọmọbìnrin náà bí òjò wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ń wọ ilẹ̀, láìpariwo. Ó dùn mọ́ ọn, ó sì dẹ́rù bà á. Ẹni tí àyà rẹ̀ kì í pẹ́ já ni. Tó bá ti ilẹ̀kùn tán, ó gbọ́dọ̀ padà fọwọ́ tì í wò. Nígbà tí Kọ́mà sọ fún un lórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì pé òun fẹ́ kí àwọn jọ gbé títí ọjọ́ ogbó, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Kọ́mà bi í pé kí ló ń pa á lẹ́kún.

"Ìdámẹ́rin mi," ó ní, "o ò tí ì rí Mátírọ́ọ̀nù."

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ lóbìnrin ni Mátírọ́ọ̀nù. Ó ti ṣe olórí àwọn nọ́ọ̀sì títí ó fi fẹ̀yìn tì, títí di òní olónìí sì ni bàtà rẹ̀ ṣì ń funfun báláú. Nígbà tí bàbá ọmọ náà kú, òun ló kó ìyá àti ọmọ wá sí yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, òun ló rán ọmọ náà níwèé dé ibi tó kàwé dé. Kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí náà tí kò gba ẹnu rẹ̀ kọjá. Ìyá Oníwọ̀n ní tirẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ohunkóhun tí ọmọ bá bi í, ìdáhùn kan náà ni: "Ohun tí Ẹ̀gbọ́n bá ti sọ."

Kọ́mà wá kí wọn ní ọjọ́ Sátidé kan. Ó kí wọn bó ṣe yẹ kí ọmọlúàbí kí àgbà, ó jókòó sórí àga tí wọ́n nà án sí. Mátírọ́ọ̀nù bi í ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Kò parọ́. Ó ní ìwé ni òun ń kọ, iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ sì ni, ṣùgbọ́n Ọ̀gá ọ́fíìsì ti ṣèlérí pé bí òun bá gbé àbọ̀ ìwádìí náà kalẹ̀ dáadáa níwájú àwọn tó ń náwó sí i, iṣẹ́ náà á di èyí tó dúró. Mátírọ́ọ̀nù dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó máa lọ ná.

Ẹni mẹ́rin ló kù nínú pálọ̀, yàtọ̀ sí ọmọ tí wọ́n ń torí rẹ̀ ṣèpàdé: Mátírọ́ọ̀nù, àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin méjì, àti ìyá ọmọ. Mátírọ́ọ̀nù sọ̀rọ̀ títí. Àbúrò àgbà ń mi orí. Àbúrò kékeré ti sùn lọ sórí àga, ó ń hanrun díẹ̀díẹ̀. Ìyá ọmọ ń ká ìborùn kan náà, ó ń tú u, ó tún ń ká a. Níkẹyìn, Mátírọ́ọ̀nù ní bí ọmọkùnrin náà bá rí iṣẹ́ tó dúró, kó padà wá. Bí kò bá rí i, kó bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ, kí ọmọ àwọn náà gbàgbé rẹ̀.

"Gbogbo wa ti pinnu," ó ní, ó sì dìde.

Ọ̀rọ̀ yẹn há sí Oníwọ̀n lọ́fun bí egungun ẹja. Gbogbo wa, àwọn ta? Ẹnu kan ṣoṣo ló ń gbọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti jókòó. Ó gbé e lọ sí ibi iṣẹ́ ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Bó ṣe ṣí àbọ̀ tí Kọ́mà ti kọ parí, tí ilé ìtẹ̀wé ti tẹ̀ jáde, ìlà àkọ́kọ́ ló bá pàdé: "Ní orílẹ̀-èdè méjèèjìlá lápapọ̀, ènìyàn méje nínú mẹ́wàá sọ pé bí àìsàn bá dá àwọn wólẹ̀, ẹnì kan wà nílé tí yóò tọ́jú wọn."

Lápapọ̀. Ó dún létí rẹ̀ bíi "gbogbo wa." Ó ní kí kọ̀ǹpútà ya àwọn orílẹ̀-èdè náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún òun, ohun tó yẹ kó ti ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́, mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Èkejì, mẹ́ta. Òmíràn, márùn-ún. Ó wò wọ́n dé ìparí. Ẹyọ kan péré ló jẹ́ méje.

Báwo wá ni gbogbo wọn ṣe di méje?

Ó lọ wo ìwọ̀n wọn, ibẹ̀ ló ti rí i. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló máa ń fi ìwọ̀n àwọn èèyàn tirẹ̀ ránṣẹ́. Ti mọ́kànlá, ẹni kan jẹ́ ẹni kan, tàbí ìdajì, tàbí mẹ́ta àtààbọ̀ bíi ti ìyá orí òkè. Tí o bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, iye àwọn tí wọ́n bi léèrè lo máa rí. Àmọ́ orílẹ̀-èdè tó ní méje yìí ti ṣe tiwọn lọ́nà mìíràn. Tiwọn, ẹni kan dúró fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ìlú wọn, àròpọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ iye gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè náà. Ọ̀nà méjèèjì ló dára, bí oníkálukú bá dúró sí ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun, Oníwọ̀n, ló da gbogbo wọn pọ̀ sójú kan láìro wọ́n wò. Ó dà bí ẹni tó da ṣíbí omi mọ́kànlá sínú òkun, tó ní òun fẹ́ tọ́ adùn omi náà wò. Orílẹ̀-èdè kan ti gbé mọ́kànlá mì.

Àyà rẹ̀ já. Ọjọ́bọ̀ ni Kọ́mà máa dúró níwájú àwọn olówó. Àwọn ẹni yẹn ń ronú láti rán àwọn nọ́ọ̀sì kiri ilé àwọn arúgbó, wọ́n sì ti ń sọ pé bí ẹbí bá ti ń tọ́jú méje nínú mẹ́wàá, kí ni àwọn tún ń wá kiri? Ìyá orí òkè náà á wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹni méjì àtààbọ̀ tó ń dúró fún, kò ní rí ẹnì kankan.

Tó bá dákẹ́, kò sí ẹni tó máa mọ̀. Kọ́mà á rí iṣẹ́, Mátírọ́ọ̀nù á gbà fún wọn. Tó bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ti lọ, ọkọ ti lọ. Wọ́n ní bí irọ́ bá rìn fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ogún ọdún yẹn gan-an ló ń bà á lẹ́rù, nítorí nínú ilé ọkọ ni yóò ti lò ó, yóò máa bu oúnjẹ fún ọkùnrin tí òun jẹ́ kó dúró níwájú àwùjọ sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Kò lè jẹun nílé. Ìyá rẹ̀ bi í bóyá inú ń run ún, ó ní rárá. Ìyá ní, "Àbí ọmọkùnrin yẹn ni?" Ó ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá la ẹnu bí ẹni fẹ́ sọ nǹkan, ó tún gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó kó abọ́ lọ.

Lọ́jọ́ kejì ó pe Kọ́mà sí ẹ̀yìn ọ́fíìsì, níbi tí wọ́n ń kó àwọn àga tó ti kán sí. Ó sọ fún un tán, kò fi ohunkóhun bò.

"Gbogbo ohun tí mo wá kọ yẹn?"

"Orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo lo kọ ọ́ nípa rẹ̀."

"Ta ló tún mọ̀?"

"Èmi, ìwọ, Ọlọ́run."

Kọ́mà wo àwọn àga tó kán náà. "O lè má sọ fún mi," ó ní.

"Mo mọ̀. Màá lọ bá Ọ̀gá tó bá ti ìrìn àjò dé, màá ní èmi ni mo ṣe é."

"Ṣe sùúrù ná. Jẹ́ kí n ronú." Ó sì lọ. Kò sọ pé Ìdámẹ́rin ń lọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Kò yọjú sí yàrá rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Kò sí tíì, kò sí "gbọ́ èyí." Gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá dún lọ́nà ni ọkàn rẹ̀ ń fò, ẹlòmíràn á sì kọjá lọ. Ó tún ìṣirò náà ṣe, ó sọ ìwọ̀n orílẹ̀-èdè méjèèjìlá di irú kan náà, ó rò wọ́n wò ní ẹ̀ẹ̀mejì, ó lọ gbé èsì rẹ̀ sórí tábìlì Kọ́mà. Kò bá a níbẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ó ti parí nìyẹn, pé ọkùnrin wo ló máa fẹ́ ẹni tó ba iṣẹ́ òun jẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, Ọ̀gá dé tààrà láti ìrìn àjò sínú gbọ̀ngàn, àárín àwọn àlejò ló sì jókòó sí. Oníwọ̀n gbìyànjú láti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n ní kó jókòó, wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó jókòó sẹ́yìn pátápátá. Kọ́mà dìde pẹ̀lú kóòtù tí èjìká rẹ̀ tóbi jù fún un. Ó mu omi. Ó gbé ife kalẹ̀. Ó tún gbé e, ó tún mu ún.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ pa ìwé tó wà lọ́wọ́ yín dé. Ohun tó wà lójú ewé àkọ́kọ́ kì í ṣe òótọ́. Nígbà tí a ń kó orílẹ̀-èdè méjìlá pọ̀, a jẹ́ kí ọ̀kan gbé mọ́kànlá mì. Kì í ṣe méje nínú mẹ́wàá ló ní ẹni tó máa tọ́jú wọn. Mẹ́rin ni." Ó wá ka èsì tuntun náà fún wọn, ìwé tí Oníwọ̀n gbé sórí tábìlì rẹ̀.

Bàbá kan tó wọ awò bi í pé ta ló ṣe ìṣirò àkọ́kọ́.

"Àwa ni, sà."

"Ta ni nínú yín?"

"Àwa tí orúkọ wa wà lẹ́yìn ìwé náà ni, sà."

Ojú Ọ̀gá pọ́n bí ẹ̀yin iná. Kí ọjọ́ náà tó rọ̀, ó ti sọ fún Kọ́mà pé kó má retí iṣẹ́ kankan tí oṣù bá parí, nítorí ẹni tó dójú ti ilé iṣẹ́ níwájú àlejò kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń dá dúró. Oníwọ̀n sáré lọ jẹ́wọ́. Ọ̀gá ní òun ti mọ̀; ta ló tún ń ṣe ìwọ̀n nínú ọ́fíìsì yẹn? Ó ní kó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tó ṣì í ló máa tún un ṣe. Èyí ló dun ọmọbìnrin náà jù. Òun ló da omi sílẹ̀, Kọ́mà ló yọ̀ ṣubú.

Ó bá a níbi tó ti ń kó ẹrù rẹ̀ sínú páálí. Ó bi í pé kí ló dé tó fi sá fún òun.

"Ẹ̀rù ló ń bà mí," Kọ́mà dáhùn. "Mo mọ̀ pé tí mo bá fi rí ojú rẹ, màá rántí Mátírọ́ọ̀nù, màá dákẹ́."

Ó ní òun fúnra òun ló máa lọ sọ fún wọn nílé. Oníwọ̀n bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ, pé wọ́n á kàn dójú tì í ni. Ó lọ.

Àga kan náà ni wọ́n tún nà án sí. Àwọn ẹni ìjọsí náà ló pé. Mátírọ́ọ̀nù ti gbọ́. Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ dé etí rẹ̀.

"Nítorí náà, o ò níṣẹ́ lọ́wọ́."

"Mi ò ní, mà."

"Wọ́n ní ìṣirò kan ló wọ́. Àṣìṣe ta ni?"

"Tiwa ni, mà."

"Mo ní ta ni?"

"Tiwa ni, mà."

Oníwọ̀n kò lè mú un mọ́ra. Ó ní, "Àǹtí, èmi ni. Èmi ni mo ṣì í, òun ló jẹ ìyà rẹ̀."

Mátírọ́ọ̀nù wo ọmọ, ó wo ọkùnrin náà, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ó ní àánú ọmọkùnrin náà ṣe òun, ṣùgbọ́n àánú kì í san owó ilé. Ó ní ọ̀rọ̀ tí àwọn ti sọ tẹ́lẹ̀ kò yí padà. "Gbogbo wa ti pinnu."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú," ẹnì kan sọ. "Èmi ò tí ì pinnu."

Ìyá ọmọ ni. Ìborùn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n bí ewé, àmọ́ kò dúró.

"Kò sẹ́ni tó bi mí. Láti ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti kú, ẹ bọ́ wa, ẹ rán an níwèé, mi ò gbàgbé, mi ò sì ní gbàgbé. Àmọ́ tí ẹ bá bi mí, ẹni tí kò ní ti ọmọ mi síwájú nígbà tí ìbínú bá ń bọ̀ ni mo ń wá. Ẹ bi ọmọkùnrin yìí lẹ́ẹ̀mejì níṣojú mi. Kò tọ́ka sí i."

Àbúrò kékeré ló kọ́kọ́ wú ikọ́. Ó ní ká má parọ́, òun náà kò tí ì pinnu, nítorí òun ti sùn lọ lọ́jọ́sí. Àbúrò àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí, bó ṣe máa ń mì í, kò sì ye ẹnikẹ́ni ìhà tó ń mì í fún.

Mátírọ́ọ̀nù dìde. Ó wọ yàrá rẹ̀, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́, títí tí wọ́n fi dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Ó ń kí Oníwọ̀n láàárọ̀, ó ń gba ìkíni ìyá rẹ̀, kò sọ̀rọ̀ kan lé e. Kọ́mà rí iṣẹ́ díẹ̀ díẹ̀, ó ń bá àwọn èèyàn tún ìwé wọn kọ. Oníwọ̀n kò sùn dáadáa. Kí ni wọ́n máa ṣe bí Mátírọ́ọ̀nù kò bá wá? Kí ni wọ́n máa ṣe bó bá wá láti dá ìgbéyàwó náà dúró?

Ní ilé ìforúkọsílẹ̀, àga mẹ́fà ni wọ́n tò. Ọ̀kan ṣófo, ti Mátírọ́ọ̀nù. Akọ̀wé ìjọba ń wo aago, ó ní kí wọ́n ṣe é kíá, àwọn mìíràn ń dúró níta. Tọkọtaya tọwọ́ bọ̀wé. Ó kan àwọn ẹlẹ́rìí. Akọ̀wé na gègé síta, gbogbo ojú sì lọ sára àga tó ṣófo náà, bí ó ti máa ń rí nínú ẹbí náà, àní nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀.

Bàtà dún lọ́nà. Bàtà funfun. Mátírọ́ọ̀nù wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni, ó bọ́ síwájú tábìlì, ó gba gègé lọ́wọ́ akọ̀wé. Oníwọ̀n di ọwọ́ Kọ́mà mú débi pé ó dùn ún.

Mátírọ́ọ̀nù wo ìwé náà. Ó wo gègé. Ó wá yíjú sẹ́yìn.

"Ìyàwó wa," ó ní. Ìyàwó tuntun àti ìyá rẹ̀ jọ gbójú sókè, nítorí ní ọjọ́ gbogbo, bẹ́ẹ̀ ló ń pe ìyàwó àbúrò rẹ̀. "Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ìyá rẹ̀. Wá tọwọ́ bọ ìwé ọmọ rẹ. Tí o bá ṣe tán, màá ṣe tèmi sábẹ́."

Ìyá náà pẹ́ kó tó kọ orúkọ rẹ̀ tán. Akọ̀wé mí kanlẹ̀. Nígbà tí ìyá ń kọ ọ́ lọ́wọ́, Kọ́mà tẹ orí sún mọ́ etí ìyàwó rẹ̀, ó rọra bi í pé mélòó wá ni òun báyìí, òun tí kò níṣẹ́ tó dúró, tó sì jọ pé kóòtù ọrùn òun tóbi ju òun lọ.

Ó wò ó láti orí dé bàtà, bí ọjọ́ àkọ́kọ́. Àyà rẹ̀ ṣì ń já díẹ̀díẹ̀. Irú àyà bẹ́ẹ̀ kì í wò sàn lóòjọ́.

"Ẹyọ kan," ó ní. "Ẹyọ kan péré lo jẹ́. Mi ò fẹ́ kó o dúró fún ẹlòmíràn."